Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ibùsùn Ọkọ̀ Ńlá ní Ilé Apẹja

Nígbà tí apẹja kan bá ti fi ọkọ̀ kékeré tí a gbẹ́ láti inú ìtí igi kan ṣoṣo wá oúnjẹ fún ọdún pípẹ́, tí ó ti dá àjọ, tí ó ti gba èésú, tí ìyàwó rẹ̀ tí ń yan ẹja sì ti ti owó tirẹ̀ náà bọ̀ ọ́, tí àwọn méjèèjì wá fẹnu kò pé àkókò tó wàyí láti kúrò nínú ọ̀sà kí wọ́n máa fojú kan òkun, ohun tí gbogbo ẹbí máa ń jókòó lé lórí ni iye tí ọkọ̀ ńlá yóò ná wọn, irú ẹ́ńjìnnì tí yóò máa tì í, bí àwọ̀n rẹ̀ yóò ti gùn tó, àti àwọn tí wọn yóò gbà sínú rẹ̀ ṣe ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ọ̀kan nínú wọn tí yóò béèrè, kí owó tó kúrò lọ́wọ́, pé níbo gan-an ni ọkọ̀ náà yóò máa sùn nígbà tí ó bá ti òkun dé.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún wa. Ìwọ̀n eku, ni wọ́n wí, nìwọ̀n ìtẹ́. A kò sì tíì rí òkété tí ń du ihò mọ́ ẹmọ́ lọ́wọ́. Bí a bá ní kí n sọ èrò ọkàn mi láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, n ó wí pé àwọn ọkọ̀ ńlá tí ilé pa ní etí omi wa pọ̀ ju àwọn tí òkun pa lọ. Òkun a máa pa ọkọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tariwo-tariwo, gbogbo ìlú yóò sì gbọ́. Ilé ní tirẹ̀ a máa pa á díẹ̀díẹ̀, oòrùn lónìí, òjò lọ́la, ikán lọ́tùnla, títí àwọn ọmọ yóò fi rí i ní ọjọ́ kan pé ohun tí bàbá wọn fi gbogbo owó ayé rẹ̀ rà ti di ibi tí adìẹ ń yé ẹyin sí.

Ọkọ̀ kékeré kò mú irú wàhálà yìí wá. Èyí tí ọkùnrin méjì lè gbé sí èjìká láti etí omi dé ilé, abẹ́ òrùlé tó yọ síta lè gbà á, ẹ̀bá ògiri lè gbà á, a sì lè dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí igi méjì kí òjò máa ṣàn kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà tilẹ̀ ní ọgbọ́n kan tí ó wù mí púpọ̀, èyíinì ni pé wọn a mọ̀ọ́mọ̀ rì í sínú odò tí kò jìn, wọn a sì kó iyanrìn tàbí òkúta sí i nínú kí ó lè jókòó jẹ́ẹ́ sí ìsàlẹ̀, nítorí igi tó wà lábẹ́ omi kò ní rí oòrùn tí yóò là á, ikán kò ní lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, olè pàápàá kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀. Níbi tí omi kò bá ti níyọ̀, mi ò mọ àpótí tí ó dára jù èyí lọ fún ọkọ̀ tí a gbẹ́. Ṣùgbọ́n àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Ọkọ̀ onípákó tó gùn tó mítà 9 tàbí 12, tí a gbé orí rẹ̀ sókè kí ó lè máa la ìgbì kọjá, lè wúwo tó tọ́ọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ó gbẹ, yóò sì tún wúwo sí i nígbà tí pákó rẹ̀ bá ti mu omi yó. Ẹni tí ó bá sì rò pé bí òun ti ń ṣe pẹ̀lú ti àtijọ́ náà ni òun yóò ṣe pẹ̀lú èyí, ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú omi fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ó rọ̀ mọ́ àwọn ará wa tí ilé wọn wà lórí igi nínú ọ̀sà lọ́rùn. Ní Mákòkó, ní Èkó Àkéte, níbi tí àwọn Ògù àti àwọn Ìlàjẹ ti jọ ń gbé lẹ́bàá afárá gígùn tí a ṣí ní ọdún 1990, omi ni ojú ọ̀nà, omi ni ọjà, omi náà sì ni àgbàlá. Kí ló tún kù ju kí a so ọkọ̀ mọ́ òpó ilé kí a gun àkàsọ̀ lọ sùn? Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ ńlá. Omi ọ̀sà tó sún mọ́ ẹnu òkun a máa kún, a sì máa fà, lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọ̀sán àti òru. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí òṣùpá bá ràn mọ́jú, kíkún rẹ̀ a máa ga ju ti àwọn ọjọ́ yòókù lọ. Bí a bá ti ọkọ̀ ńlá sí abẹ́ ilé nígbà tí omi fà, ààyè yóò dà bí èyí tí ó pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá ń gbé e bọ̀ lókè ní òru, pákó ilẹ̀ ilé ni yóò dì í mú, omi tí kò rí i gbé sókè mọ́ yóò sì gba etí rẹ̀ wọlé, kí onílé tó jí ọkọ̀ ti lọ sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà, òru òṣùpá àrànmọ́jú, nígbà tí omi bá kún dé góńgó, ni a ń wọn ààyè abẹ́ ilé. Ẹni tí ó bá fi omi fífà wọ̀n ọ́n, òun àti omi kíkún ni yóò jọ yanjú rẹ̀.

Okùn pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó so ó le koko nígbà tí omi kún yóò bá ọkọ̀ rẹ̀ ní àgbékọ́ nígbà tí omi bá fà, ẹni tó sì so iwájú nìkan láìso ẹ̀yìn yóò máa gbọ́ bí ó ti ń lu òpó ilé ní gbogbo òru. Táyà ògbólógbòó mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a gbé kọ́ sí agbede-méjì ọkọ̀ àti òpó kò wọ́n, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ pákó là.

Síbẹ̀, kì í ṣe òpó tàbí okùn ni ọ̀tá tí mo bẹ̀rù jù nínú omi. Ẹ̀dá kékeré kan wà nínú omi oníyọ̀ tí à ń pè ní kòkòrò, ṣùgbọ́n tí àwọn onímọ̀ sọ pé ìbátan àwọn ẹ̀dá oníkarahun ni, tí igi sì jẹ́ ilé àti oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí ó kéré tó orí abẹ́rẹ́ ni ó ti ń wọ inú pákó, ihò tí ó bá wọlé kì í sì í fẹ̀ sí i. Inú lọ́hùn-ún ni yóò ti máa gùn, tí yóò máa sanra, tí yóò máa gbẹ́ ọ̀nà lọ. Lóde, pákó yóò máa dán gbinrin. Nínú, ó ti di afárá oyin. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé ọkọ̀ wọn ṣàdédé là sí méjì lójú agbami, wọ́n sì ń wá ẹni tó ṣe é nínú ẹbí. Ì bá dára kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ gún àfọ́kù pákó náà wò.

Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni kí a mọ irú omi tí ó yí ilé ẹni ká. Ẹnu ọ̀sà Èkó ni iyọ̀ òkun ń gbà wọlé. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa da omi tútù sínú ọ̀sà tó bẹ́ẹ̀ tí iyọ̀ fi ń lọ sílẹ̀, ẹ̀dá ajẹgi yìí a sì rí ìyà. Ṣùgbọ́n láti oṣù Ọ̀pẹ títí dé oṣù Igbe, nígbà tí òjò ti lọ, omi oníyọ̀ a tún padà wọlé, ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ onígi kò gbọdọ̀ sùn sínú omi ní Mákòkó fún oṣù kan láìgòkè. Omi Ẹ̀pẹ́ àti ọ̀sà Lẹ́kìí kò rí bẹ́ẹ̀. Apá ibẹ̀, níbi tí odò Ọ̀ṣun ti ń bọ́ sílẹ̀, tí Kòsọ́kọ́ ọba Èkó sá gbà nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí ìtẹ́ ní ọdún 1851, jìnnà sí ẹnu òkun, omi rẹ̀ sì jẹ́ omi tútù ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ ará Ẹ̀pẹ́ fi lè wà nínú omi láti ọdún dé ọdún kí ara rẹ̀ sì dá, tí ti Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí òkun wà ní iwájú rẹ̀ gbangba, kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ tí ó gbé e wá sí etí òkun gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìtọ́jú tí olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ ń ṣe fún un kò ní tó mọ́.

Irú igi pàápàá ń sọ̀rọ̀. Àrère fúyẹ́, ó rọrùn láti là, owó rẹ̀ kò sì ga, ṣùgbọ́n kò ní agbára láti kọ ohunkóhun tó bá fẹ́ jẹ ẹ́. Òpèpè wúwo, ó sì le, àwọn ajẹgi inú omi kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí i jẹ. Ẹni tó mọ̀ pé inú omi oníyọ̀ ni ọkọ̀ òun yóò máa sùn, kí ó bá àwọn tí ń kan ọkọ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n fi òpèpè ṣe ìdí rẹ̀, kí ó sì gbà pé yóò wúwo. Lẹ́yìn èyí, kí a máa fà á gòkè láti ìgbà dé ìgbà, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a fi iná imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ ra ìdí rẹ̀ bí àwọn apẹja etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń ṣe láti ayébáyé, kí a ha á, kí a sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún kí ó tó padà sínú omi.

Ibùsùn kejì ni iyanrìn etíkun. Láti Àgbádárìgì lọ títí dé ẹnu ibodè, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá àwọn apẹja òkun wà, àti ti àwọn Kéta tí wọ́n ti ilẹ̀ Gáńà wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ẹni tó bá rí wọn tí wọ́n ń fa ọkọ̀ gòkè, tí ogún ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ di okùn mú, tí ẹnì kan ń dá orin tí àwọn yòókù ń gbè é, tí àwọn ọmọdé ń sáré gbé igi róbótó tó ti yọ lẹ́yìn wá sí iwájú, yóò mọ ìdí tí Yorùbá fi wí pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ìbéèrè ti yọ jáde. Ogún ènìyàn yìí, ta ni yóò máa pè wọ́n wá lójoojúmọ́ fún ẹni tí ilé rẹ̀ kò ní ju ọkùnrin mẹ́rin lọ? Ẹni tó bá ń ṣírò ọkọ̀ ńlá, kí ó ka ọwọ́ tó wà nítòsí rẹ̀ mọ́ owó rẹ̀, kí ó sì rántí pé ní ọ̀pọ̀ etíkun, ẹja ni a fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá ni fa okùn.

Òkè ìlà ìdọ̀tí àti ewé tí omi òkun tò sílẹ̀ nígbà tí ó kún jù lọ ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí, kì í ṣe òkè ibi tí omi dé lánàá. Kí ó má sì ṣe jẹ́ abẹ́ àgbọn. Mo mọ̀ pé ibòji rẹ̀ dára, mo sì mọ̀ pé òun nìkan ni igi tó pọ̀ ní etíkun Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n àgbọn tó já láti òkè kò mọ pákó yàtọ̀ sí orí ènìyàn. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Láti oṣù Òkúdù títí dé oṣù Ògún, nígbà tí ìgbì bá le, ọkọ̀ lè wà lórí iyanrìn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan láìrí omi, ìgbà ìsinmi yìí ni oòrùn àárín òjò ń ráyè la pákó, tí òwú tí a fi dí ojú ìpàdé wọn ń yọ jáde.

Etíkun fúnra rẹ̀ kò sì dúró lójú kan mọ́. Láàrin ọdún 1908 sí 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì to òkúta ńláńlá wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀sà Èkó kí àwọn ọkọ̀ òyìnbó lè máa rí ọ̀nà wọlé. Iyanrìn tí ìgbì ń gbé lọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn bá dúró sí apá ìwọ̀-oòrùn òkúta náà, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ Bar Beach tó wà ní apá kejì, ọdún lẹ́yìn ọdún, títí a fi fi iyanrìn dí ibẹ̀ padà, tí ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic fi jókòó síbẹ̀. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ọdún 1947, tí wọ́n jọ ní ohun gbogbo ní àpapọ̀ nígbà náà, tí iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn wà lára ohun tí a fi mọ̀ wọ́n, òkun ti jẹ ilé, ó ti jẹ òpópónà, ó sì ti jẹ ibi tí wọ́n ń fa ọkọ̀ gòkè sí. Lórí ilẹ̀ tó ń lọ báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe àtíbàbà fún ọkọ̀ rẹ̀, kí ó má ṣe fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì dá ara rẹ̀ lóró. Òpó igi àti páànù tí a lè tú ní ọjọ́ kan tí a sì lè gbé sẹ́yìn ni ó yẹ ibẹ̀.

Mo wá dé orí èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, tí ó sì ṣòro jù, èyíinì ni inú àgbàlá ilé fúnra rẹ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ọkọ̀ tó wà lójú olówó rẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ kì í yára bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Púlọ́ọ̀tì kan ní Èkó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, àwọn tí wọ́n sì ń ra ààbọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí ń ra odidi lọ. Ọkọ̀ mítà 9 jẹ́ nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 30. Bí a bá ti yọ ilé kúrò, tí a yọ kànga àti ṣáláńgá kúrò, tí a fi ibi tí ènìyàn yóò gbà kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì sílẹ̀, ẹni tó ní ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì yóò rí i pé ọkọ̀ náà ti di onílé, òun ni ó wá di àlejò. Géètì tún ń bẹ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wọn ìbú géètì, wọn a sì wí pé ọkọ̀ yóò wọlé, wọn kò ní rántí pé ohun tó gùn gbọ́dọ̀ yí kí ó tó wọlé, àti pé òpópónà tí géètì kọjú sí kò fẹ̀ tó gígùn ọkọ̀. Ìmọ̀ràn mi kò ní owó nínú: kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ wá ọparun tó gùn tó ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn rẹ̀, kí ènìyàn méjì di orí àti ìdí rẹ̀ mú, kí wọ́n sì gbé e láti etí omi wọ inú àgbàlá láìtẹ̀ ẹ́ àti láìgbé e sókè ju àyà lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Bí ọkọ̀ bá wọlé tán, bí yóò ṣe jókòó ni ó kù. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí a gbé orí rẹ̀ lé táyà kan, tí a gbé ìdí rẹ̀ lé òmíràn, tí àárín rẹ̀ wà ní òfìfo. Láàrin ọdún kan, àárín náà yóò tẹ̀ wálẹ̀, ọkọ̀ tó bá sì ti tẹ̀ báyìí kò ní rìn dáadáa lójú omi mọ́, káfíńtà kankan kò sì lè nà án padà. Igi ìdábùú ni kí a fi gbé e ró, ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ibi tí egungun inú ọkọ̀ wà, kí orí rẹ̀ ga díẹ̀ ju ìdí lọ kí omi lè máa ṣàn sí ibi kan. Orí òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù ni kí àwọn igi náà dúró lé, kí á sì da ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì ti yọ kúrò nínú mọ́tò sí wọn lára, nítorí pé ibi tí ẹ̀dá inú omi fi sílẹ̀ ni ikán ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan nínú ilé, ọmọ tí ojú rẹ̀ dá, ni kí á fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́ láti máa wo ẹsẹ̀ igi wọ̀nyí bóyá erùpẹ̀ tútù ti ń gun òkè.

Òjò ni mo fẹ́ kí á dúró lé díẹ̀. Ojú tí ọkọ̀ mítà 9 fi ń wo ọ̀run, tí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ mítà kan àti díẹ̀, lè tó mítà mẹ́wàá níbùú-lóròó. Bí òjò òru kan nínú oṣù Òkúdù bá ga tó mìlímítà 100, lítà omi tí yóò wà nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀ yóò tó 1,000, ìyẹn ni pé yóò kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó 40, wíwúwo rẹ̀ yóò sì tó tọ́ọ̀nù kan lórí àwọn igi tí kò retí rẹ̀. Nítorí náà òrùlé kò ṣeé má ní. Tapólì dára bí a bá gbé igi kan dábùú láti orí dé ìdí kí ó lè ní ṣóńṣó, tí a sì ṣí iwájú àti ẹ̀yìn sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí a fi wé ọkọ̀ lára pinpin, inú rẹ̀ yóò máa rùn, olú funfun yóò sì hù sí i. Páànù lórí òpó mẹ́fà sàn jù ú lọ fíìfíì. Ọkọ̀ fáíbà kò bẹ̀rù ikán, kò sì bẹ̀rù ajẹgi, oòrùn ni ó ń bà á lára jẹ́ jù. Kí á sáà rántí yọ ohun tí a fi dí ihò ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Ti onípákó ní ìṣòro mìíràn, nítorí bí ó bá gbẹ jù lábẹ́ òrùlé, pákó yóò súnkì, ojú ìpàdé wọn yóò sì là. Ẹni tó bá gbé e láti àgbàlá lọ sí òkun tààrà ní ọjọ́ kan náà ń wá ìjàngbọ̀n. Kí á kọ́kọ́ fi í sínú omi tí kò jìn fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí pákó mu omi kí ó sì wú, kí á tó kó ènìyàn sí i.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn yìí kò kan àwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń pẹja fún ìgbádùn, inú ilé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ omi ń sùn, lórí kẹ̀kẹ́ tí mọ́tò ń fà. Òfin ojú títì kò gbà kí ó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 8 àti íǹṣì 6 lọ láìgba ìwé àṣẹ, ilẹ̀kùn ilé ọkọ̀ kì í sì í sábà ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 tàbí 8. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ẹgbẹ́ àwọn onílé kò tilẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ọkọ̀ omi sí iwájú ilé rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ náà ti mọ èyí, wọ́n sì ń ṣe é kí ọ̀pá iwájú rẹ̀ lè ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kí ó lè wọlé. Òfin wọn le, ṣùgbọ́n ó ti fi agbára mú wọn béèrè nípa ibùsùn kí wọ́n tó ra ọkọ̀, ohun tí àwa kò tíì kọ́.

Ọkọ̀ ńlá kì í sì í dá wá sílé. Ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 40 tí ọ̀pọ̀ apẹja ń lò wúwo tó 70 kìlógíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iyebíye rẹ̀ àti nítorí àwọn adigunjalè orí omi, inú ilé gan-an ni ó gbọ́dọ̀ sùn, ní òòró, lórí igi tí a kàn fún un, lẹ́yìn tí a bá ti fi omi tí kò níyọ̀ fọ inú rẹ̀. Àwọ̀n ńlá ń fẹ́ ibòji, nítorí oòrùn a máa pa okùn ọ̀rá. Ó sì ń fẹ́ òkè, nítorí eku. Bẹntiróòlù ni kí á gbé jìnnà sí ilé jù lọ, kì í ṣe pé kí ó jìnnà sí yàrá nìkan, bí kò ṣe sí ibi tí ìyàwó ti ń yan ẹja pẹ̀lú, nítorí iná ìyanja kì í kú ní ilé apẹja.

Ní tòótọ́, ìyàwó náà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mọ ohun tí ọkọ̀ ńlá yóò gbà. "Bàbá Wálé, ibi tí mò ń sá ẹja sí ńkọ́?" Ìbéèrè yìí ti dá ìjà sílẹ̀ ní ilé púpọ̀, a kò sì gbọdọ̀ kà á sí ẹjọ́ obìnrin lásán, nítorí owó ẹja tí obìnrin náà ń sá, tí ó ń yan, tí ó sì ń tà ni yóò san gbèsè ọkọ̀. Ní agbo ilé, ó tún le jù bẹ́ẹ̀. Àgbàlá tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ ní, tí a ti ń ṣe ìgbéyàwó, tí a ti ń ṣe òkú àgbà, bí ẹnì kan bá fi ọkọ̀ dí i láìpe ẹbí jọ, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kúrò ní ti pákó. Kí ó gbé ọtí dání, kí ó lọ bá olórí ẹbí, kí ó sọ ìbú àti gígùn fún wọn, kí ó sì fi ọparun rẹ̀ hàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ mi kángun sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ilẹ̀ etí omi wà ní ìkáwọ́ wọn. Ìjọba Èkó àti àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀, tí ń bójú tó ọ̀nà omi, bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ àkóso ojú omi fún ọdún púpọ̀ kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó dá NIWA láre ní ọdún 2024. Ní gbogbo àkókò náà, iyanrìn ni à ń rọ́ sí etí ọ̀sà, odi ni à ń mọ, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni à ń kọ́ sí ibi tí ọkọ̀ ti ń gòkè. Apẹja tí kò ní àgbàlá kò ní ibòmíràn ju etí omi lọ, bí a bá sì tà á mọ́ ọn lójú, ọkọ̀ kékeré ni yóò padà sí, ẹja tí ó ń ti òkun bọ̀ yóò sì wọ́n sí i lórí àtẹ. Ẹ̀yin ọba alayé, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin olórí ẹbí tí ẹ ń pín ilẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ láti ìlú ńlá, kí ẹ tó tún ta púlọ́ọ̀tì kan ní etí omi, ẹ pe àwọn apẹja ìlú yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn tẹ ibi tí ọkọ̀ wọn ń sùn, kí ẹ sì kọ ibẹ̀ sínú ìwé ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà.